Ọmọlangidi Inú Páálí: Ta Ni Yóò Fi Ṣeré?

 

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọlangidi ni. Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tí ọmọ bá ń fi ṣeré lónìí ń kọ́ ọ ní ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò fẹ́ lọ́la.

IRÚ ỌMỌLANGIDI TÍ À Ń SỌ

Ọmọlangidi kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn ìyá wa wà lọ́mọdé, wọ́n pọn ọmọlangidi onígi sẹ́yìn, àwọn mìíràn sì fi ṣùkù àgbàdo ṣe ọmọ, wọ́n fi àkísà ró o ní ìró. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe é. Orí rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ dúdú roboto bíi bọ́tìnnì, gíga rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ìka àárín àgbàlagbà lọ. Àwòrán àwọn ènìyàn inú eré tẹlifíṣàn àti sinimá ni wọ́n ń ṣe sára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí ni Funko, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2010 ni ó ti ń ta irú èyí tí wọ́n ń pè ní Pop.

Èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ lásán kò ní wàhálà púpọ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ibi àpéjọ ńlá nìkan ni wọ́n ti ń tà á. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn àpéjọ náà ni ti ìlú San Diego, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí èrò tí ó ń wá síbẹ̀ sì ju 100,000 lọ lọ́dún. Bí ọjọ́ àpéjọ bá ti ń súnmọ́, ilé-iṣẹ́ yóò mú ọmọlangidi kan tí gbogbo ayé ti mọ̀, yóò yí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ padà, tàbí kí ó fi ohun tí ń dán sí i lára, yóò sì kéde pé ìwọ̀nba ni òun ṣe. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ 480 péré fún gbogbo ayé. Wọn yóò lẹ bébà róbótó kan mọ́ páálí rẹ̀ láti fi hàn pé ibi àpéjọ ni ó ti wá.

Láti ìgbà náà ni eré ti kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò ti tò sórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá rí i rà yóò tún un tà lọ́jọ́ náà gan-an ní ìlọ́po iye tí ó rà á. Ó tilẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ náà gbé ọmọlangidi kan náà lọ sí ìsọ̀ lásán, kí wọ́n lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn. Àwọ̀ kan náà ni, rọ́bà kan náà ni, ojú kan náà ni, síbẹ̀ èyí tí ó ní bébà àpéjọ lára ni yóò wọ́n jù. Ẹ rí i pé bébà ara páálí ni owó ń lé. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kó o jọ kì í fi í ṣí páálí náà. Bí wọ́n bá ṣí i, iye rẹ̀ wálẹ̀. Wọn a gbé e sórí pẹpẹ, wọn a máa wò ó.

Ẹnìkan lè sọ pé San Diego jìnnà sí Ọlọ́runṣògo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayé ti lu jára. Láti ọdún 2012 ni Ayọ̀délé Ẹlẹ́gbà ti bẹ̀rẹ̀ irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó fún àwọn ayàwòrán àti àwọn tí ń ṣe ìwé eré aláwòrán. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Disney gbé eré Iwájú jáde, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré Iyanu hàn, èyí tí a mú jáde láti inú ìwé Roye Okupe, tí orúkọ àti aṣọ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti Yorùbá. Ní ọdún 2025 kan náà ni ọmọlangidi onírun tí wọ́n ń pè ní Labubu gba ìgboro ayé, tí ayédèrú rẹ̀ sì kún ọjà. Àwọn ọmọ wa ń rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ó wà ní London àti Houston sì ń fi í ránṣẹ́ sílé. Ohun tí ó ti wọ ilé wa kò yẹ kí a máa pè ní ọ̀rọ̀ òkè òkun mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé fífẹ́ràn ènìyàn inú tẹlifíṣàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọdé. Ìbàdàn wa níhìn-ín ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Àwọn àgbà tí ń ka ìwé yìí mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Moses Ọláìyá, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlà, bá jáde. Gbogbo agbo ilé ni ń kó jọ sí iwájú tẹlifíṣàn ẹnìkan. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ń ṣe bíi Bàbá Sàlà ní àgbàlá, ti ọ̀kan kì í dín ti èkejì kù. Ìyàtọ̀ tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN KỌ́ WA

Nínú hádíìsì tí Bùháárì àti Mùsílíímù gbà wá, ìyá wa Nàná Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ pé òun a máa fi ọmọlangidi ṣeré nínú ilé Ànábì, àwọn ọ̀rẹ́ òun a sì máa wá bá òun ṣe é. Bí Ànábì bá wọlé, ojú a máa ti àwọn ọmọbìnrin náà, wọn a sá pamọ́. Ànábì fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n padà wá bá a ṣeré. Nínú èyí tí Àbú Dáwúùdù gbà wá, Ànábì dé láti ojú ogun, atẹ́gùn sì ká aṣọ tí ó bo ibi tí ọmọlangidi Nàná Àíṣà wà. Ó rí ẹṣin kan láàárín wọn tí ó ní ìyẹ́ méjì tí a fi àkísà ṣe. Ó béèrè bí ẹṣin ṣe ń ní ìyẹ́. Nàná Àíṣà dá a lóhùn pé ṣebí àwọn ẹṣin Ànábì Sùlàímọ́nù ní ìyẹ́. Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn.

Hádíìsì kẹta ni ti Rubayyi, ọmọ Muawwidh. Ó ní bí àwọn bá gba ààwẹ̀ Áṣúrà, àwọn a máa mú kí àwọn ọmọ kéékèèké náà gbà á, àwọn a sì fi òwú irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọmọ bá ń sunkún oúnjẹ, wọn a fi ohun ìṣeré náà tù ú nínú títí àkókò ìṣínu yóò fi tó.

Ẹ wo ohun tí ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àkísà àti òwú ni wọ́n fi ṣe ohun ìṣeré náà. Ọmọ ni ó ni ín. Ọmọ náà ń fọwọ́ kàn án, ó ń ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń gba ìtùnú níbẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ débi pé ó fi ìtàn Ànábì Sùlàímọ́nù dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. A kò gbọ́ pé Nàná Àíṣà ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má fọwọ́ kan ẹṣin náà.

Àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ gígùn lórí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Púpọ̀ nínú wọn kọ ère tí ó pé ara, wọ́n sì yọ ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀ nítorí hádíìsì Nàná Àíṣà. Qadi Iyad, àgbà onímímọ̀ nínú mọ́síhàbù Málíkì tí a ń tẹ̀lé níhìn-ín, ẹni tí ó kú ní ọdún 1149, sọ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn onímímọ̀ gbà kí a ta ọmọlangidi fún àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n lè ti kékeré kọ́ ìtọ́jú ilé àti ọmọ. Àwọn mìíràn le koko jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ìyọ̀ǹda náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. A kò fẹ́ fi ìyàtọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà á pàápàá so ó mọ́ ìdí kan: eré ọmọdé àti ẹ̀kọ́ ọmọdé. Bí àgbàlagbà bá ra ọmọlangidi, tí kò ṣí páálí rẹ̀, tí ó gbé e sí pálọ̀ kí àlejò lè rí i, èwo nínú ìdí méjèèjì ni ó ṣẹ́kù? Nàná Àíṣà náà ta aṣọ aláwòrán kan rí, inú Ànábì kò sì dùn sí i. Ó gé aṣọ náà, ó fi rán tìmùtìmù. Ohun tí a gbé sókè fún àpọ́nlé di ohun tí a ń fara tì. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ronú.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn àáfà ilẹ̀ wa fi ń ṣọ́ra fún ère lórí pẹpẹ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá a lọ bá agbẹ́gilére, a gba ère, a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ìbànújẹ́ ìyá ni ó bí i, ṣùgbọ́n ó di ohun tí wọ́n ń bọ. Ìsìláàmù dé, ó kọ́ wa pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ọmọ tí ó kú padà sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ère wọ̀nyí wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àti lórí pẹpẹ àwọn olówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Èyí tí ìyá kan fi ẹkún gbà, òun ni ọlọ́jà ń dá iye lé, tí wọ́n ń béèrè bóyá ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, pẹpẹ ní agbára lórí ọkàn. Ohun tí a bá gbé síbẹ̀, bí ọkàn kò bá sìn ín, ó lè fi owó sìn ín.

PÁÁLÍ TÍ Ó DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀

Kí ẹ má baà rò pé àsọdùn ni, a ó sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Mọ̀lébí kan fi irú ọmọlangidi yìí ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan láti òkè òkun. Ọmọ náà gbé e wá sí iléèwé pẹ̀lú páálí rẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó di ọba láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wù ú ni yóò jẹ́ kí ó wò ó, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ọmọ kékeré kan tí ó ń kọ́ Kàídà lọ́wọ́ rí i lórí àga, ó ya páálí náà, ó mú ọmọlangidi jáde, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé ti máa ń ṣe. Nígbà tí olówó rẹ̀ dé, igbe ta. Ọmọlangidi náà kò já, kò sán, kò dọ̀tí. Páálí ni ó ya.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Nígbà tí wọ́n ṣírò dọ́là sí náírà, iye tí wọ́n pe páálí náà ju owó iléèwé ọmọ kékeré yẹn lọ fún odindi sáà kan. Iṣẹ́ oko ni baba rẹ̀ ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò yé e. Àwọn àgbà pẹ̀tù sí i, wọ́n sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù nílẹ̀ tí a kò lè gbàgbé: nínú àwọn ọmọ méjèèjì, ta ni ó lo ọmọlangidi náà bí a ti ń lo ọmọlangidi? Àwa ò lè bú ọmọ tí ó ṣeré. A kò sì lè bú ọmọ tí ó ni ín tán, nítorí pé àgbà ni ó kọ́ ọ pé bébà ara páálí ni ìṣúra.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN TÍ Ń KÓ O JỌ

Àwọn kan ń sọ pé òwò ni, pé ohun tí a rà lónìí yóò di owó ńlá lọ́la. Lóòótọ́, wọ́n ta Labubu kan tí ó ga bí ènìyàn ní gbàǹjo ní Beijing ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan owó yuan. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbọ́, wọn kì í gbọ́ apá kejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Funko fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò da ọjà tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 30 sí 36 dọ́là nù, nítorí pé ilé ìkẹ́rùsí ti kún, owó tí yóò fi tọ́jú wọn sì ju èrè wọn lọ. Ohun tí aṣeyọrí rẹ̀ ń kó dà sí ààtàn, ṣé òun ni a ó fi ṣe ogún fún ọmọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Beanie Babies, ọmọlangidi onírun tí wọ́n ń fi du ara wọn ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Ilé-iṣẹ́ a kéde pé òun kò ní ṣe irú kan mọ́, iye rẹ̀ a sì fò sókè. Nígbà tí ọdún 1999 kọjá, iye rẹ̀ já wálẹ̀ bí ewé gbígbẹ, àwọn tí wọ́n kó owó ọmọ lé e lórí sì ka ìka àbámọ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ pé owó àwọn ni. Ìdáhùn wa ni pé owó Ọlọ́hun ni, a kàn fi ṣọ́ wa ni. A kọ́ wa pé a ó bi ènìyàn léèrè bí ó ti rí owó rẹ̀ àti ohun tí ó ná an sí. Súrà Takáásúrù kìlọ̀ nípa ìdíje kíkójọ tí ó gba ọkàn ènìyàn títí ó fi dé sàárè. Súrà Húmásà sọ̀rọ̀ ẹni tí ń kó dúkìá jọ, tí ń kà á, tí ó rò pé yóò mú òun wà láéláé. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀kan nínú ọmọlangidi oní-480 yìí, ṣé kò mọ iye tí ó kù? Ṣé kì í kà wọ́n ní alaalẹ́?

Ó tún yẹ kí a ṣe ìkìlọ̀ méjì nípa òfin òwò. Ìkínní, àwọn ọmọlangidi kan wà, Labubu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń tà nínú páálí tí a dì pa, tí olùrà kò mọ irú èyí tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn lè jẹ́ ẹyọ kan nínú 72. Bí ẹnìkan bá ń ra páálí lórí páálí nítorí ìyẹn, kí ni ó yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́? Ànábì kọ òwò tí ohun tí a ń rà fara sin nínú rẹ̀. Ìkejì, ẹni tí ó bá ń kó ọmọlangidi jọ láti tún un tà, ọjà ni ó kó jọ, ó sì ní láti yọ sàká rẹ̀ bí ó bá pé iye, tí ọdún sì yí po lé e lórí: 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. A kò mọ iye àwọn tí ń rántí èyí.

ÌKÓJỌ TÍ Ó LÉRÈ

Ìfẹ́ kíkójọ tí ó wà lára ọmọ kì í ṣe àìsàn. Ọlọ́hun ni ó dá a mọ́ wa, òun náà ni ó sì fi ṣe ẹ̀sìn yìí lóore. Lẹ́yìn ogun Yàmámà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó há Àlùkùránì sórí kú, Kálífà Àbúbákárì ní kí Zaid ọmọ Thabit kó Àlùkùránì jọ. Ó kó o jọ láti ara igi ọ̀pẹ, láti ara òkúta pẹlẹbẹ, láti ara awọ àti láti inú ọkàn àwọn ènìyàn. Ìmáámù Bùháárì rìn láti ìlú dé ìlú. A gbọ́ pé nínú nǹkan bí 600,000 ọ̀nà hádíìsì tí ó kó jọ ni ó ti ṣa àwọn tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì lo ọdún 16 lórí rẹ̀. Bí a bá ń wá olùkójọ, àwọn nìwọ̀nyí.

Ní tòsí wa níhìn-ín, ní ọdún 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibi kan sílẹ̀ fún ìkójọ ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá. John Hunwick ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kí ẹ fi etí sí. Wọ́n a lọ yá ìwé àwọn àáfà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, wọ́n a ya àwòrán ojú ìwé rẹ̀, wọ́n a sì dá ìwé náà padà fún olówó. Olówó kò pàdánù, akẹ́kọ̀ọ́ sì jèrè. Ìkójọ ìmọ̀ nìyẹn. Bí ènìyàn 480 bá ní in, a fẹ́ kí ó di 4,800. Ti ọmọlangidi àpéjọ dà bí odi kejì rẹ̀: bí ẹlòmíràn bá ní in, adùn rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́nu ẹni tí ó kọ́kọ́ ní in. Ohun tí a ń fi ayọ̀ rẹ̀ sí orí àìrí ẹlòmíràn, ó yẹ kí mùsùlùmí bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé ìgbàgbọ́ wa ni pé kí a fẹ́ fún ọmọ-ìyá wa ohun tí a fẹ́ fún ara wa.

ÌMỌ̀RÀN WA

Sí ẹ̀yin òbí: ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tí kò ṣeré kì í gbọ́n dáadáa. Bí ẹ bá ra ọmọlangidi, kí ẹ ra èyí tí agbára yín ká, kí ẹ ya páálí rẹ̀ lójú ọmọ, kí ẹ sọ fún un pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ rà á fún. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ti òyìnbó. Ní Èkó, ní ọdún 2007, Taofick Okoya bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ọmọlangidi aláwọ̀ dúdú tí ó ń jẹ́ Wúràọlá, Nneka àti Azeezah, tí wọ́n wọ aṣọ ilẹ̀ wa. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ta Fulla, tí ó wọ ìbòrí, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Irú èyí tí ọmọ lè di irun rẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ni ó súnmọ́ ohun tí Qadi Iyad sọ. Bí agbára kò bá ká ìyẹn náà, ẹ rántí pé àkísà ni ìyẹ́ ẹṣin tí ó pa Ànábì lẹ́rìn-ín.

Sí ẹ̀yin ará wa tí ó wà lókè òkun: a dúpẹ́ ìrántí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi páálí olówó gọbọi ránṣẹ́ sí ọmọ kan láàárín ọmọ ogún, ẹ ro ti àwọn mọ́kàndínlógún yòókù. Bọ́ọ̀lù kan fún gbogbo wọn, tàbí Àlùkùránì tí ojú ìwé rẹ̀ kò tíì ya, yóò mú àdúà púpọ̀ wá bá yín.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ mọ àwòrán yà, tí ẹ ń lá àlá pé ẹ ó ṣe eré tẹlifíṣàn bíi Iyanu: ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹ ó ṣe ohun ìṣeré jáde láti inú eré yín, ẹ jẹ́ kí ó pọ̀, kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ọmọ àgbẹ̀ Làlúpọn àti ọmọ olówó Bódìjà lè jọ fi ṣeré.

Sí ẹ̀yin ọmọ iléèwé wa: bí kíkó nǹkan jọ bá ń wù yín, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ẹ kó orúkọ ewé tí àwọn ìyá àgbà yín mọ̀ jọ sínú ìwé. Ẹ lọ bá àwọn àáfà àgbà ní abúlé yín, kí ẹ bi wọ́n ta ni ó kọ́ wọn àti ta ni ó kọ́ ẹni tí ó kọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kó ìwé ìròyìn ọdọọdún iléèwé yìí pàápàá jọ, láti àkọ́kọ́ títí di èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì yá ẹni tí kò ní. Bí ẹ bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ojú ìwé rẹ̀ lè gbó, etí rẹ̀ lè ká, síbẹ̀ iye rẹ̀ kò ní dín kù lójú ẹni tí ó mọ rírì rẹ̀.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a bá kọ́ pé páálí ju eré lọ, pé wíwò ju fífún ni lọ, kí ni kò ní tà? Kí Ọlọ́hun fi ìtẹ́lọ́rùn sí ọkàn àwa àti àwọn ọmọ wa, kí Ó bù sí ọrọ̀ wa, kí Ó má fi ọrọ̀ ṣe ìdènà fún wa. Kí Ó jẹ́ kí a kó èyí tí yóò bá wa dé sàárè jọ. Àmín.